Mọ́ọ̀dù àti Ike: Ìperí fún Ìfiwéra àti Ìkójọ Àwo Gọ́ọ̀fù, pẹ̀lú Àpẹẹrẹ láti inú Iṣẹ́ Àdìrẹ Abẹ́òkúta

1. Ìfáàrà

Bí a bá gbé ohun méjì tí a fi ike ṣe ka iwájú akẹ́kọ̀ọ́, tí a sì ní kí ó sọ ohun tí ó mú wọn yàtọ̀ sí ara wọn, ìdáhùn tí ó sábà máa ń jáde ni pé irú wọn kò bára mu. Ọ̀rọ̀ náà, "irú", kò burú, ṣùgbọ́n ẹrù tí a dì lé e lórí ti pọ̀ jù. Ó lè tọ́ka sí bí ohun náà ti rí, ó lè tọ́ka sí ohun tí a fi ṣe é, ó sì lè tọ́ka sí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é. Olùkọ́ tí ó bá jẹ́ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa gbé inú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yóò rí i pé ó nira láti kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa èròjà àti ìrísí ní èdè Yorùbá, nítorí pé ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ náà ni èyí: èwo ni ó yí padà, èwo ni kò yí padà?

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó gbé ọ̀rọ̀ náà karí ohun kékeré kan, èyíinì ni àwo ike tí a ń jù nínú gọ́ọ̀fù aláwo. A yàn án nítorí pé àwọn tí ń ṣe eré yìí, àti àwọn tí ń kó àwo rẹ̀ jọ, kì í sọ̀rọ̀ lórí àwo kan láìdárúkọ nǹkan méjì: mọ́ọ̀dù tí ó ti inú rẹ̀ jáde, àti ike tí a fi ṣe é. Ohun tí a ó fi wé e kò jìnnà sí wa. Àwọn aláàdìrẹ Abẹ́òkúta ti ń ya ohun méjì tí ó jọ èyí sọ́tọ̀ tipẹ́tipẹ́, kí ike tó gba ọjà wa kan.

2. Àwo tí a ń jù

"Àwo" gan-an ni ó yẹ kí a máa pe ohun yìí, kì í sì í ṣe nítorí pé ó rí róbótó nìkan. Ilé ìdáná ni ó ti jáde wá. Ní ọdún 1937, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, Fred Morrison àti ọmọbìnrin tí ó fẹ́ lẹ́yìn náà bẹ̀rẹ̀ sí ju ìdérí agolo gúgúrú sí ara wọn. Nígbà tí ó yá, wọ́n fi páànù tí a fi ń yan kéèkì rọ́pò rẹ̀. Ní etí òkun ní 1938, ẹnì kan fi sẹ́ǹtì 25 lọ̀ wọ́n fún páànù tí iye rẹ̀ kò ju sẹ́ǹtì 5 lọ. Morrison rí i pé òwò wà níbẹ̀. Ó padà wá fi ike ṣe tirẹ̀, ó sì gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Wham-O ní 1957. Ọdún yẹn kan náà ni Wham-O sọ àwo náà ní Frisbee, orúkọ tí a mú láti ara Frisbie, ilé-iṣẹ́ oníyan kan ní ìlú Bridgeport tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ju àwo páànù rẹ̀ ṣeré. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rò pé "àwo" rọrùn jù fún ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kò tíì wo ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà dáadáa.

Ed Headrick, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Wham-O, gba ìwé ẹ̀tọ́ ní 1967 lórí àwọn ìlà róbótó tí ó ga díẹ̀ ní ojú àwo, tí ó ń mú kí àwo dúró ṣinṣin lójú afẹ́fẹ́. Òun náà ni ó ṣètò pápá gọ́ọ̀fù aláwo àkọ́kọ́ tí ó wà títí, ní Oak Grove Park ní California ní 1975. Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ó dá ẹgbẹ́ PDGA sílẹ̀. Nínú eré náà, apẹ̀rẹ̀ irin tí a so ṣẹ́ẹ̀nì rọ̀ sókè rẹ̀ ni a ń ju àwo sí, ẹni tí ó bá sì fi iye ìgbà tí ó kéré jù lọ ju àwo tirẹ̀ dé inú gbogbo apẹ̀rẹ̀ ni ó borí. Ní 1983 ni a dá ilé-iṣẹ́ Innova sílẹ̀. Dave Dunipace, ọ̀kan nínú àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀, mú etí àwo tẹ́ẹ́rẹ́ kí ó lè máa la afẹ́fẹ́ kọjá, láti ìgbà náà sì ni àwo gọ́ọ̀fù ti yapa sí ohun ìṣeré ọmọdé.

PDGA ní òfin lórí ìwọ̀n. Ìdábùú àwo kò gbọdọ̀ dín sí sẹ̀ǹtímítà 21, kò sì gbọdọ̀ ju 30 lọ. Fífẹ̀ etí rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 2.6, ìwúwo rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju gíráàmù 8.3 fún sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan ìdábùú rẹ̀. Iṣẹ́ ìṣirò tí ó dára fún kíláàsì nìyí. Ìdábùú àwo tí a ń pè ní Destroyer jẹ́ 21.1, nítorí náà ìwúwo rẹ̀ kò lè kọjá nǹkan bí gíráàmù 175; ti Buzzz jẹ́ 21.7, tirẹ̀ sì lè dé 180.

3. Orúkọ wo ni ó ṣáájú?

Bí a bá gbọ́ "Destroyer", orúkọ mọ́ọ̀dù ni a gbọ́. Gbogbo àwo tí ó bá jáde nínú mọ́ọ̀dù náà ni Destroyer, ìbáà jẹ́ ike tí Innova ń pè ní DX ni a fi ṣe é, ìbáà jẹ́ Star, ìbáà jẹ́ Champion. DX kò wọ́n, ó sì máa ń dì mọ́ ọwọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbá igi ní ìgbà mélòó kan, etí rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí ní ọgbẹ́. Champion le, ó sì sábà máa ń jẹ́ èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá. Ó wọ́n jù, ó sì ń pẹ́. Star wà láàárín wọn nípa bí ó ti rí lọ́wọ́: ó ń pẹ́ bíi Champion, ó sì ṣeé dì mú.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi orúkọ ike ṣáájú, yóò sì wá fi mọ́ọ̀dù kẹ́yìn. Ibí yìí ni olùtumọ̀ ti ń kọsẹ̀, nítorí pé ó máa ń gbé àwọn orúkọ náà wọlé bí ó ti bá wọn. Nínú èdè tiwa, ohun tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó ń ṣáájú, èròjà rẹ̀ a sì tẹ̀lé e: abọ́ amọ̀, abọ́ igi, abọ́ ike, ṣíbí igi, ṣíbí fàdákà. Kò sí ẹni tí ó ń pe abọ́ amọ̀ ní "amọ̀ abọ́". Nítorí náà "Destroyer DX" tàbí "Destroyer oníke DX" ni ó bá gírámà wa mu. Ẹni tí ó bá kọ "DX Destroyer" sínú ìwé Yorùbá ti sọ DX di orí ọ̀rọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì rò pé DX ni orúkọ àwo, pé Destroyer sì ni ohun tí a fi ṣe é.

4. Páànù àti aṣọ ní Abẹ́òkúta

Nínú iṣẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ọ̀nà méjì ni a ń gbà fi ẹ̀kọ tí a fi ẹ̀gẹ́ sè yà sára aṣọ kí a tó rì í sínú aró. Ọ̀kan ni fífi ìyẹ́ adìẹ kọ ọ́ lọ́wọ́, èyí tí a mọ Ìbàdàn mọ́ jù lọ. Èkejì ni lílo páànù tí a ti gé ihò ọnà sí lára, èyí tí Abẹ́òkúta lókìkí fún. Ní ìbẹ̀rẹ̀, páànù pẹlẹbẹ tí ó ti inú àpótí tíì àti ti sìgá jáde ni àwọn ọkùnrin ń gé. A ó tẹ́ páànù sórí aṣọ, a ó ra ẹ̀kọ kọjá lórí rẹ̀, ẹ̀kọ a sì gba ihò wọ aṣọ. Páànù kan lè ṣiṣẹ́ lórí aṣọ púpọ̀, ọnà náà kò sì ní yẹ̀.

Èyí tí ó lókìkí jù nínú àwọn ọnà tí a fi páànù ṣe ni Ọlọ́ba, tí ó ní àwòrán ọba àti ayaba nínú. Àjọ̀dún ọdún 25 tí Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wà lórí oyè, èyí tí a ṣe ní 1935, ni a ti mú ọnà náà jáde. Ọlọ́ba ni orúkọ ọnà. Orúkọ aṣọ yàtọ̀: tẹ́rú ni orúkọ aṣọ funfun tí a ń kó wá láti òkè òkun, òun ni a sì máa ń lò jù lọ láyé ìgbà náà. Kò sí aláàdìrẹ tí yóò ṣi Ọlọ́ba pè ní tẹ́rú. Ìwé tí Jane Barbour àti Doig Simmonds ṣe olóòtú rẹ̀ lórí àdìrẹ, tí Yunifásítì Ìbàdàn gbé jáde ní 1971, ṣàkọsílẹ̀ orúkọ ọnà púpọ̀, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ìperí kà á.

Ní ọjà Ìtòkú lónìí, fóòmù tí a gé tí a sì ń rì sínú àbẹ́là yíyọ́ ti gba ipò páànù lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn oníṣẹ́, gínnì àti sílíìkì sì ti wọ àárín àwọn aṣọ. Ìyàtọ̀ tí a ń wí kò parẹ́ síbẹ̀. Oníbàárà a tọ́ka sí ọnà kan, a sì béèrè bóyá ó wà lórí gínnì. Ìbéèrè ẹni tí ń ra àwo gọ́ọ̀fù kò yàtọ̀ sí èyí: mọ́ọ̀dù tí mo fẹ́ nìyí, ṣé ó wà nínú ike Star?

Ṣùgbọ́n àfiwé náà ní ibi tí ó parí sí, kò sì yẹ kí olùkọ́ fi pamọ́. Páànù kì í yí aṣọ padà. Ojú aṣọ nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́ lé. Ike kò rí bẹ́ẹ̀. Ó wọ inú mọ́ọ̀dù ní yíyọ́, bí ó bá sì ti ń tutù, ó ń súnkì, bẹ́ẹ̀ ni ìsúnkì ike kan kò dọ́gba pẹ̀lú ti òmíràn. Nítorí náà àwo méjì láti inú mọ́ọ̀dù kan náà lè jáde kí ojú ọ̀kan wú, kí ti èkejì tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ibi tí etí wọn ti mú jù sì fi díẹ̀ ga ju ara wọn lọ. Ìdí nìyí tí Destroyer Champion àti Destroyer DX kò fi ń fò bákan náà, àní nígbà tí méjèèjì ṣì jẹ́ tuntun. Ní ti èyí, ìyá oníkòkò sún mọ́ ọn ju aláàdìrẹ lọ, nítorí ó mọ̀ pé amọ̀ ń súnkì nínú oòrùn àti nínú iná, ó sì mọ amọ̀ tí ń súnkì ju òmíràn. A fẹ́ kí olùkọ́ lo àpẹẹrẹ méjèèjì tẹ̀léra: àdìrẹ láti fi ya èròjà sọ́tọ̀ kúrò lára ìrísí, lẹ́yìn náà ìkòkò láti fi hàn pé èròjà lè nawọ́ wọ inú ìrísí.

5. Ike, rọ́bà, ọ̀rá

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó wà lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ọ̀rá ni a ń pe èyí tí ó fẹ́lẹ́ tí a fi ń di ọjà. Ó ti ní iṣẹ́ tirẹ̀, kí a fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Rọ́bà ni ọ̀pọ̀ ń pe abọ́ àti korobá, ṣùgbọ́n igi rọ́bà wà, oje rẹ̀ sì ni a fi ń ṣe táyà. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ kan náà pe méjèèjì, ẹ̀kọ́ kẹ́místírì yóò dàrú. Ike ni a yàn. Ó kúrú, ó ti wà nínú èdè, ó sì gba àfikún láìjà: ike líle, ike rírọ̀, ike yíyọ́, ike atàn-lókùnkùn fún èyí tí ń tan ìmọ́lẹ̀ ní alẹ́.

Lábẹ́ ike ni a ó wá to àwọn ẹ̀yà rẹ̀ sí. DX àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò wọ́n sábà máa ń jẹ́ ti ìdílé pọliẹtilíìnì àti pọlipropilíìnì. Àwọn tí ó wọ́n, bíi Star àti Champion, jẹ́ ti ìdílé pọliyuretéènì tí iná ń yọ́. Irú pọliyuretéènì yìí ń fà, ó sì ń padà sí ipò rẹ̀ bíi rọ́bà, ìdí sì nìyí tí ó fi ń fara da igi. Ẹni tí ó bá ti fi "rọ́bà" pe gbogbo ike tẹ́lẹ̀ kò ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi ṣàlàyé ìwà yìí mọ́. DX, Star àti Champion fúnra wọn kì í ṣe orúkọ èròjà bí kò ṣe orúkọ ọjà. Kí a kọ wọ́n bí wọ́n ti rí, kí a má túmọ̀ wọn.

6. Mọ, rọ, dà, tì bọ̀

Fún ohun èlò tí ń fún ike ní ìrísí, àwọn tí ń ṣe búlọ́ọ̀kù ti fún wa ní mọ́ọ̀dù, a kò sì rí ìdí láti wá òmíràn. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó ṣòro. A ń mọ amọ̀, ọwọ́ ni ó ń ṣe é. A ń rọ irin, òòlù ni ó ń ṣe é. A ń da idẹ, ìwúwo ara rẹ̀ ni ó ń gbé e ṣàn lọ sínú ihò. Ní ti àwo gọ́ọ̀fù, a ń yọ́ ike kéékèèké nínú ẹ̀rọ, a sì ń fi agbára tì í wọ inú mọ́ọ̀dù irin alápá méjì tí a dé pọ̀. Bí ó bá ti tutù, mọ́ọ̀dù a ṣí, àwo a sì bọ́ síta. Ọ̀nà yìí kan náà ni a ń gbà ṣe ìdérí ìgò, kóòmù àti àga ike. Kò sí ọ̀kan nínú mọ, rọ àti dà tí ó sọ nípa agbára tí ń ti ike wọlé. A dábàá "tì bọ̀", kí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sì jẹ́ "ìtìbọ̀". Ẹni tí ó bá tẹ̀lé ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó sì kọ "abẹ́rẹ́" síbẹ̀ yóò gbé akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ilé ìwòsàn láìnídìí.

7. Ìperí ìfò

Innova máa ń fi nọ́ńbà mẹ́rin sọ bí mọ́ọ̀dù kan ti ń fò. Fún Destroyer, wọ́n jẹ́ 12, 5, -1, 3. Fún Aviar, tí a fi ń ju ibi tí ó sún mọ́ apẹ̀rẹ̀, wọ́n jẹ́ 2, 3, 0, 1. Àkọ́kọ́ ni ìyára, èyíinì ni eré tí ó yẹ kí a fi ju àwo náà kí ó tó lè fò bí ó ti yẹ. Èkejì ni ìléfòó. Ẹ̀kẹta ń sọ bí àwo ti ń fi ọ̀nà sílẹ̀ nígbà tí eré rẹ̀ ṣì pọ̀, ẹ̀kẹrin sì ń sọ bí ó ti ń yí padà nígbà tí eré ń tán.

Fún ẹ̀kẹta, "ìyà" ni ìbá kọ́kọ́ wá sí ọkàn, láti ara "yà", ṣùgbọ́n kíláàsì wo ni a ó ti sọ pé ìyà àwo kan jẹ́ -1 tí ẹ̀rín kò ní sọ? Ìyàbàrá ni a fara mọ́. Ìṣẹ́rí ni fún ẹ̀kẹrin. Ẹni tí ó fi ọwọ́ ọ̀tún ju àwo láti ẹ̀gbẹ́ òsì ara rẹ̀ ń mú un yí bí ọwọ́ aago. Tirẹ̀ yóò yà bàrá sọ́tùn-ún, yóò sì ṣẹ́rí sósì. Ti ọlọ́wọ́ òsì yóò ṣe òdìkejì. Nítorí èyí, a kò gbọdọ̀ fi "ọ̀tún" tàbí "òsì" sínú ìperí náà rárá.

Bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti fi òkòtó ṣàlàyé. Bí a bá fi ìka ti òkòtó tí ń yí, kì í wó lọ sí ibi tí a tì í sí. Ẹ̀gbẹ́ ni ó ń gbà lọ. Bákan náà ni àwo. Nígbà tí eré rẹ̀ pọ̀, agbára afẹ́fẹ́ tí ń gbé e ró wà lẹ́yìn àárín rẹ̀. Bí eré ti ń dínkù, agbára náà ń sún wá síwájú àárín. Ibi tí a ti ń tì í ti yí padà, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ tí ó ń gbà lọ yí padà pẹ̀lú.

Láti inú èyí ni a ti rí orúkọ fún ìwà àwo: aṣẹ́rí, afògbọọrọ, ayàbàrá. A gbọ́ tí àwọn kan dábàá "olórí-kunkun" fún aṣẹ́rí. Ó dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n ìwà ènìyàn ni ó ń sọ, kò sọ ohun tí àwo ṣe.

8. Ìkójọ àti àkọsílẹ̀

Ẹni tí ń kó àwo jọ máa ń kọ mọ́ọ̀dù, ike, ìwúwo, àwọ̀, òǹtẹ̀ àti ọ̀wọ́ sílẹ̀. Òǹtẹ̀ ni àwòrán tí a fi ooru tẹ̀ sí ojú àwo. Òun ni ó ń fa ojú alákòójọ mọ́ra jù, àṣìtẹ̀ a sì máa gbówó lórí, bẹ́ẹ̀ ni ásítóònù lè nù ún kúrò pátápátá láìsí ohun tí ó yí padà nínú ìfò àwo. Ní ojú tiwa, ìsàlẹ̀ àkọsílẹ̀ ni àyè rẹ̀. Ọ̀wọ́ ṣe pàtàkì jù ú lọ, nítorí pé àwọn àwo tí a tì bọ mọ́ọ̀dù pọ̀ ní àkókò kan náà sábà máa ń jọ ara wọn ju àwọn tí ó tẹ̀lé wọn lọ. "Ọ̀wọ́ kìíní" sì ni gbogbo alákòójọ ń wá.

Ohun kan tí a sábà máa ń gbàgbé láti kọ ni gbígbó. Àwo Roc DX tuntun jẹ́ aṣẹ́rí. Bí ó bá ti gbó díẹ̀ ó di afògbọọrọ, bí ó bá gbó tán ó di ayàbàrá. Òfin PDGA kò gba kí a dìídì pa àwo dà, ṣùgbọ́n ó gba gbígbó tí ó ti ara lílò wá. Àwọn ògbólógbòó òṣèré a máa gbé Roc mẹ́ta tàbí mẹ́rin dání, tí mọ́ọ̀dù wọn jẹ́ ọ̀kan, tí ike wọn jẹ́ ọ̀kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ilé-ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí tí ó ní Ọlọ́ba méjì, ọ̀kan tí a kò ró rí àti ọ̀kan tí a ti fọ̀ títí aró rẹ̀ fi ṣí, mọ̀ pé a kò lè fi gbólóhùn kan náà ṣàpèjúwe méjèèjì.

Àyè kan tún kù tí ó yẹ kí ó wà nínú àkọsílẹ̀. Ed Headrick kú ní 2002, gẹ́gẹ́ bí ó sì ti fẹ́, a po eérú ara rẹ̀ mọ́ ike, a sì fi ṣe àwo ìrántí. Níbo ni a ó kọ eérú náà sí? Kì í ṣe ìrísí, kì í ṣe òǹtẹ̀, a kò sì lè pè é ní ẹ̀yà ike. Lúlúù tí a ń pò mọ́ ike atàn-lókùnkùn, àti wínníwínní dídán tí a ń pò mọ́ àwọn ike mìíràn, wà ní ipò kan náà. "Àdàlù" ìbá dára, bí kì í bá ṣe pé ó sún mọ́ àdàlú oúnjẹ jù. A dábàá "àdàpọ̀", kí ó sì ní ìlà tirẹ̀ lẹ́yìn ike, báyìí: ike, pọliẹtilíìnì, àdàpọ̀, lúlúù atànmọ́lẹ̀. Níbi tí kò bá sí àdàpọ̀ kankan, kí a fa ìlà síbẹ̀, kí a má fi í sílẹ̀ lásán.